Bí Owó Kọ́ṣọ̀n Ṣe Ń Padà Wá Lọ́wọ́ Onílé ní Ilé-Ifẹ̀

Owó tí ayálégbé tuntun ń kó sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe owó ilé nìkan. Kọmíṣọ́ọ̀nù èjẹ́ǹtì wà ńbẹ̀, owó àgírímẹ́ǹtì wà ńbẹ̀, owó kọ́ṣọ̀n náà sì wọ́pọ̀ níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń gbé láàárín ìlú. Kọmíṣọ́ọ̀nù àti owó àgírímẹ́ǹtì ti lọ nìyẹn, wọn kì í padà. Ti kọ́ṣọ̀n yàtọ̀. Owó ayálégbé ni, onílé kàn ń bá a mú un dání ni, bóyá nǹkan á bàjẹ́ tàbí gbèsè iná á wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń kó lọ. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó padà.

Ohun tó ń fa wàhálà ni pé ọ̀pọ̀ onílé kì í ya owó yìí sọ́tọ̀. Bó ti ń wọlé ló ń bá owó ilé lọ sórí páànù òrùlé, owó ilé-ìwé ọmọ tàbí ilé mìíràn tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ayálégbé bá wá ń kó lọ, onílé á máa wá owó tí kò sí nílẹ̀ mọ́. Ẹni tó fẹ́ gba yàrá náà lẹ́yìn ló sábà máa ń mú owó dé. Ìdí nìyí tí “ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn kó wọlé ná” fi pọ̀ lẹ́nu wọn. Kì í ṣe irọ́ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n bí àgírímẹ́ǹtì kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ayálégbé kò gbà láti dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí ayálégbé ń kó wọlé ni ọ̀rọ̀ ti ń dára tàbí bàjẹ́. Rìsíìtì gbọ́dọ̀ dárúkọ kọ́ṣọ̀n lọ́tọ̀, pẹ̀lú iye rẹ̀. Èyí tó kó gbogbo owó pọ̀ sójú kan ń fún onílé láyè láti sọ lọ́la pé owó ilé ni gbogbo rẹ̀. Bí èjẹ́ǹtì ló gbowó, kí ìwé sọ bóyá ó ti fi lé onílé lọ́wọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á máa ti ọ̀rọ̀ síra wọn. Kí ẹrù tó wọlé, kí fóònù ya sílíìnì, gíláàsì fèrèsé, abọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ojú mítà iná àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí onílé lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà gan-an.

Ibi tí àríyànjiyàn ti ń le jù ni iye tí onílé lè yọ. Gbígbó yàtọ̀ sí bíbàjẹ́. Ọ̀dà tó ṣá lára ògiri lẹ́yìn ọdún méjì, gbígbó ni, ti onílé ni. Sílíìnì tí òjò rọ̀ bà jẹ́ nítorí òrùlé ń jò, ti onílé ni, bí ayálégbé bá ti tètè sọ fún un. Gíláàsì tí bọ́ọ̀lù fọ́, kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, owó iná IBEDC tí ayálégbé lò tí kò san, ti ayálégbé nìyẹn. Gbèsè iná tó ti wà kó tó dé kò kàn án, ìdí nìyí tí fọ́tò mítà fi ṣe pàtàkì. Ká ní kọ́ṣọ̀n jẹ́ ₦30,000, gíláàsì méjì sì fọ́, tí títún un ṣe jẹ́ ₦6,000. ₦24,000 ló kù. Onílé tó bá ní òun fẹ́ fi èyí tó kù kun yàrá ń fi owó ẹni tó ń lọ tún ilé ṣe fún ẹni tó ń bọ̀, ìyẹn kò sì tọ́. Ẹ̀tọ́ ayálégbé ni láti béèrè rìsíìtì iṣẹ́ tí wọ́n bá ní àwọn ṣe.

Nọ́tíìsì náà wà níbẹ̀, ìyẹn ìwé tí ayálégbé fi ń sọ fún onílé ṣáájú pé òun fẹ́ kó lọ. Ohun tí àgírímẹ́ǹtì bá sọ ni kí wọ́n tẹ̀ lé, kí onílé má baà fi í ṣe àwáwí láti di kọ́ṣọ̀n mú.

Lọ́jọ́ ìkólọ, kí àwọn méjèèjì jọ yí yàrá ká, kí wọ́n kọ ohun tó bàjẹ́, iye tó kù àti ọjọ́ tí owó máa wọlé, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ará ilé láìsí ìwé. Ṣùgbọ́n dídi kọ́kọ́rọ́ mú nítorí owó léwu, torí onílé lè ka ọjọ́ wọ̀nyẹn sí gbèsè owó ilé.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá di òní dọ̀la, ìlérí ẹnu gbọ́dọ̀ di ohun kíkọ: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Dádì. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe jọ sọ lórí fóònù láàárọ̀ yìí, ẹ ní ẹ máa fi ₦24,000 tó kù nínú owó kọ́ṣọ̀n ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí. Ẹ ṣeun, sà.” Bí onílé bá dáhùn pé “ó dáa”, ẹ̀rí ti dé nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, tàbí òbí ayálégbé tó lè bá onílé sọ̀rọ̀ bí àgbà sí àgbà. Ọ̀nà yìí dára ju kọ́ọ̀tù lọ, torí onílé tó ń retí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn kò ní fẹ́ kí orúkọ òun bàjẹ́.

Àgọ́ ọlọ́pàá kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gba gbèsè. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ohun tó kàn ni lẹ́tà tó dárúkọ iye owó, tó sì fún onílé ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nílé. Bí kò bá fèsì, Kọ́ọ̀tù Májísíréètì ló kù. Ayálégbé lè ro ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì níbi tí owó lọ́yà bá ti ju kọ́ṣọ̀n lọ. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ọ̀rọ̀ orí WhatsApp wọlé, àmọ́ ìwé tó jẹ́rìí sí fóònù tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde gbọ́dọ̀ bá a rìn. Bí ìdájọ́ bá jáde tí onílé ṣì kọ̀, kọ́ọ̀tù lè rán bélífù, ìyẹn òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù tó ń mú ìdájọ́ ṣẹ, lọ kó ẹrù rẹ̀ tà láti fi san gbèsè náà.