Ṣọ́ọ̀ṣì Temple ní Lọ́ńdọ̀nù

Ṣọ́ọ̀ṣì Temple ni ilé ìsìn tí ẹgbẹ́ Knights Templar kọ́ sáàárín Fleet Street àti odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti lé ní 800 ọdún báyìí. Àwọn Templar yìí, jagunjagun ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ bíi ti mọ́ńkì, wọn kì í fẹ́yàwó, kálukú wọn ò sì gbọdọ̀ ní ohun ìní tara ẹ̀. Ní nǹkan bí 1119 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, kí wọ́n lè máa ṣọ́ àwọn tó ń rìnrìn àjò mímọ́ lọ́wọ́ adigunjalè.

Holborn, ní Lọ́ńdọ̀nù náà, ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ìgbà tí ibẹ̀ ò gbà wọ́n mọ́ ni wọ́n ra ilẹ̀ létí odò. Apá tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ rí roboto, ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbi ibojì Jésù ní Jerúsálẹ́mù ni wọ́n sì fi ṣe àwòṣe. Heraclius, Pátíríákì (ìyẹn olórí ṣọ́ọ̀ṣì) Jerúsálẹ́mù fúnra ẹ̀, ló yà á sí mímọ́ lọ́jọ́ 10 oṣù Kejì 1185, nígbà tó wá bẹ Ọba Henry Kejì pé kó gba àwọn lọ́wọ́ ogun.

Ibẹ̀ tún dà bíi báńkì, torí àwọn ọba àti ọlọ́lá ń kó owó sí wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni Ọba John wà ní oṣù Kìíní 1215 tí àwọn ìjòyè dìhámọ́ra wá bá a pé kó fún àwọn lẹ́tọ̀ọ́ àwọn, ọ̀rọ̀ yẹn ló di Magna Carta, ìwé àdéhùn tó fi òfin de ọba, lóṣù Kẹfà. William Marshal, ìjòyè tó bá ọba àtàwọn yẹn dá sí ọ̀rọ̀ náà, di Templar nígbà tó ń kú lọ ní 1219, inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni wọ́n sin ín sí. Ère òkúta ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn mìíràn, wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja pẹ̀lú apata wọn, àwọn kan fi ẹsẹ̀ kọ́ra.

Ní 1312 ni Póòpù Clement Karùn-ún tú ẹgbẹ́ náà ká. Ọwọ́ àwọn Hospitaller, ẹgbẹ́ jagunjagun onísìn mìíràn, nibẹ̀ bọ́ sí, àwọn lọ́yà gba ilé lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì kúrò mọ́ títí dòní. Ní 1608 Ọba James Kìíní fún Inner Temple àti Middle Temple, ẹgbẹ́ méjì tó ń sọ èèyàn di lọ́yà, nílẹ̀ náà, àmọ́ àwọn méjèèjì ni yóò máa tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe títí láé. Inner Temple yìí náà ló sọ Christopher Sapara Williams di lọ́yà ní 1879, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó ṣe lọ́yà.

Iná ńlá tó jó Lọ́ńdọ̀nù ní 1666 ò dé ibẹ̀, ti 1941 ló burú. Lóru ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ni bọ́ǹbù àwọn Jámánì dáná sí òrùlé, pákó òrùlé náà wó lulẹ̀, iná jó dùùrù ńlá tí Bernard Smith ṣe ráúráú, ooru ẹ̀ sì pọ̀ débi tí àwọn òpó òkúta Purbeck fi sán, kódà àwọn ère yẹn fara gbá. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ di lọ́yà ní Inner Temple ní 1946, wọn ò tíì tún un ṣe tán. 1958 ni apá roboto tó ṣí padà. Àwọn òpó tó wà níbẹ̀ báyìí, tuntun ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ti tẹ́lẹ̀ ti tẹ̀ síta díẹ̀, torí náà àwọn tó gbẹ́ tuntun yìí mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó tẹ̀ síta bẹ́ẹ̀ náà ni.