Ohun tí àgbo oorun ń ṣe nínú ara

Ẹni tó bá lọ bá eléwé-ọmọ ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde pé òun kò rí oorun sùn kò ní í padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ó lè gba ìdì koóko ọba, ó sì lè gba èèpo gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ. Oorun kan náà ni wọ́n torí rẹ̀ ra méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn nínú ara kò jọra rárá.

Nǹkan méjì ló ń fa oorun. Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti jí ni èròjà kan tó ń jẹ́ adenosine ti ń gbára jọ nínú ọpọlọ. Bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú ń wúwo. Èkejì ni òkùnkùn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ á tú melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, inú ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù díẹ̀díẹ̀.

Koóko ọba, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí ewé tíì, kò le. Àwọn onímọ̀ ní Brazil dán tíì rẹ̀ wò lára ènìyàn, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1986, wọn kò sì rí i pé ewé náà fúnra rẹ̀ ń kun ènìyàn lóorun. Síbẹ̀, kò sí ohun tó burú nínú ife kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lálẹ́. Àgbo ìwẹ̀ tiẹ̀ ní ẹsẹ̀ ńlẹ̀ jù ú lọ: omi gbígbóná ń fa ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ ara, ooru á gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jáde, inú ara á wá tutù bó ṣe yẹ kó tutù lálẹ́. Wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú oorun ló dára jù láti wẹ̀ ẹ́.

Asofẹ́yẹjẹ lọ̀rọ̀ wà. Orúkọ rẹ̀ ń sọ ohun tó ń ṣe: ó ń so fún ẹyẹ jẹ. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ mú kí ara alárùn ọpọlọ balẹ̀, wọn kò sì ṣìṣe. Èròjà tó ń jẹ́ reserpine wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Switzerland yọ jáde ní 1952 lára ìbátan igi náà tó ń hù ní Íńdíà, tó sì di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn àpò tíntìntín wà tí ọpọlọ ń kó àwọn èròjà tó fi ń ránṣẹ́ pamọ́ sí, títí kan èyí tó ń jẹ́ kí ojú là. Reserpine á dí ẹnu àpò náà. Ohun tó yẹ kó wọlé kò ní rí ọ̀nà wọlé, á sì ṣòfò síta. Bí wọ́n ṣe ń tán lọ, ara á rọ̀, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tú á wálẹ̀, oorun á dé.

Àmọ́ àpò tó ṣófo kì í kún padà lọ́jọ́ kan. Ó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà ife àná ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń bu tòní. Ibi tí òòyì ti ń kọ́ni bí a bá dìde nìyẹn, tí imú ń dí, tí ìbànújẹ́ tí kò nídìí fi ń wọlé. Èèpo igi kan sì lè le ju ti èkejì lọ, kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti mú rí àti aláboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Bí wọ́n bá wá rẹ ẹ́ sínú ògógóró, ewu di méjì. Ọtí ń yára gbé ènìyàn sùn, ṣùgbọ́n bó bá ti ń dá lára, oorun á já láàárín òru.

Obì náà wà ńbẹ̀, pàápàá ní Rẹ́mọ, níbi tí obì Ṣàgámù ti ń bọ́ sọ́kọ̀ lọ sí Òkè-Ọya. Kafíìnì inú rẹ̀ ń jókòó sórí àga tí adenosine yẹ kó jókòó lé. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó jẹ obì ní agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ṣì ń gbé e kiri ní agogo 11 alẹ́. Kí onítọ̀hún tó ra èèpo igi kankan, kó kọ́kọ́ fi obì ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì wo bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí.