Ta Ló Sọ Pé Òyìnbó Ló Kọ́ Wa Lówó?

Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa: pàṣípààrọ̀ lásán làwọn baba wa mọ̀, ìwọ gbéṣu wá, èmi bu epo fún ọ, àfìgbà tí òyìnbó kó owó àti báńkì dé. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí, torí òǹkà tó wà lẹ́nu wa gan-an ló ń já irọ́ rẹ̀.

Owó ẹyọ làwọn baba wa ń ná, ogójì rẹ̀ ni wọ́n sì ń sín sókùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì kún àpò kan. Àpò yẹn là ń pè ní ọ̀kẹ́, òun la sì ń pe 20,000 títí dòní. Òótọ́ ni pé ẹyọ kì í ṣe ohun ilẹ̀ wa, láti erékùṣù Maldives ló ti ń wá. Ṣùgbọ́n òǹkà rẹ̀, tiwa ni.

Èsúsú wá ńkọ́? Iye kan náà ni kálukú ń dá, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó kan ẹlòmíì. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó kọ́kọ́ kó o, ẹ̀yáwó ló gbà, ẹni tó kó o gbẹ̀yìn, owó ló fi pa mọ́. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú mú un sọdá òkun. “Susu” ni wọ́n ń pè é ní Trinidad.

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dára o. Ìwọ̀fà burú: béèyàn bá yáwó láyé ìgbà náà, ọmọ rẹ̀ á máa roko olówó, iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, gbèsè ò sì ní dín kọ́bọ̀.

Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1894, àmọ́ òwò àwọn òyìnbó ló gbájú mọ́. Oníṣòwò aláwọ̀ dúdú tó bá lọ yáwó níbẹ̀, agbára káká ló fi ń rí i. Ohun tó mú kí Akinola Maja, T. A. Doherty àti H. A. Subair dá National Bank sílẹ̀ lọ́dún 1933 nìyẹn. Ó di oṣù Keje 1959 kí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tó ṣílẹ̀kùn, náírà sì dé ní 1973.

Ìyá mi ní àkáǹtì ní báńkì. Síbẹ̀, owó èsúsú tó kó lóṣù tó kọjá ló fi ra ẹ̀rọ tó fi ń lọ ata.