Kí Ló Dé Tí Àrọ̀ Inú Táǹkì Fi Ń Jẹ Ọmọ Ìyá Ẹ̀?

Láti Odógúnyán títí dé etí ọ̀sà ní Báyékù, ẹni tó bá ń sin àrọ̀ ní Ìkòròdú ti bi ara rẹ̀ ní ọ̀kan nínú ìbéèrè wọ̀nyí rí. Ìwà ẹja yẹn kò yí padà. Ibi tí a kó o sí ni kò jọ ibi tí a ti dá a.

Ìbéèrè: Mo kó 1,000 ọmọ àrọ̀ sí táǹkì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bíi 600 ló kù, n ò sì rí òkú kankan. Ṣé olè ni àbí ẹyẹ?

Ìdáhùn: Ẹ wo inú táǹkì dáadáa kí ẹ tó fura sí aládùúgbò. Ẹ óò rí mélòó kan tó ti fi ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ju ẹgbẹ́ wọn lọ, tí ikùn wọn rí gbáńdú. “Shooter” làwọn ọlọ́jà ń pè wọ́n. Olè yín nìyẹn.

Nígbà tí àrọ̀ ṣì kéré, tí ẹnu rẹ̀ kò tíì gba odindi ẹja, ìdí ìrù ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Á jẹ ẹ́ bọ̀ títí dé orí, á wá fi orí yẹn sílẹ̀ torí egungun ibẹ̀ le. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí orí wẹ́wẹ́ nílẹ̀ táǹkì. Tó bá tóbi sí i, orí ló kọ́kọ́ ń gbé mì, ó tán nìyẹn, kò ní ṣẹ́ku egungun kan. Nínú odò náà, wọ́n ń jẹra, ṣùgbọ́n èyí tó kéré á sá wọ abẹ́ òjúoró tàbí inú koríko. Nínú táǹkì, ògiri mẹ́rin ló wà, kò síbi sísá.

Kò sí oògùn kankan fún un, àfi kí ẹ máa ṣà wọ́n. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ máa ṣà wọ́n ní ọjọ́ méje sí mẹ́wàá síra wọn, kí ẹ kó ńlá sọ́tọ̀, kékeré sọ́tọ̀. Abọ́ oníhò tí kékeré lè gba ojú rẹ̀ jábọ́ ló yá jù. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí ẹja tó yó kì í fara da ìfọwọ́kàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Bí 1,000 ẹja bá wọn giráàmù 10 níkọ̀ọ̀kan, kílò 10 ni gbogbo wọn. Ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ giráàmù 500 lójúmọ́: ẹ pín in sí mẹ́rin, giráàmù 125 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fọ́n ọn káàkiri. Tó bá jẹ́ igun kan ṣoṣo lẹ ń dà á sí, àwọn alágbára á dí ibẹ̀, ebi á pa ìyókù, ìyàtọ̀ ara wọn á sì máa pọ̀ sí i. Ẹran òru ni àrọ̀, torí náà ẹ fi ìpín kan sí àṣálẹ́.

Ìbéèrè: Tí mo bá dín wọn kù, ṣé ìjà á dín kù?

Ìdáhùn: Rárá o, ó sì máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Nígbà tí wọn ò bá pọ̀, oníkálùkù á sọ igun kan di tirẹ̀, á sì máa ṣọ́ ọ. Tí wọ́n bá pọ̀, kò sẹ́ni tó lè ṣọ́ ibì kankan. Àmọ́ tí ẹ bá wá kó wọn jọ ju bó ṣe yẹ lọ, omi ló máa bàjẹ́.

Ìbéèrè: Ẹja mi ń dúró ní òró, ẹnu wọn sókè. Kí nìyẹn?

Ìdáhùn: Lókè ibi pupa tí àrọ̀ fi ń mí nínú omi, ó ní nǹkan kan tó yọ ẹ̀ka bí igi kékeré, tó pọ́n bí iyùn. Òun ló fi ń mí afẹ́fẹ́. Tó bá gòkè, tó gbé afẹ́fẹ́ mì, tó sì padà sísàlẹ̀, kò séwu. Èyí tó gòkè tí kò padà ló ń ké gbàjarè. Lọ́pọ̀ ìgbà, àmóníà ni, ìyẹn májèlé tó ń jáde lára ẹja fúnra rẹ̀ àti lára oúnjẹ tó rà sínú omi. Ẹ dá oúnjẹ dúró, ẹ fa omi jáde láti ìsàlẹ̀ títí yóò fi ku ìdajì, kí ẹ sì jẹ́ kí omi tuntun máa já bọ́ láti òkè.

Ẹ ṣọ́ra fún omi bòhóòlù. Ẹ bu ú sínú báàkẹ́tì funfun di ọjọ́ kejì. Tó bá pọ́n bí irin tó dógùn-ún, irin ló wà nínú ẹ̀, ó sì máa lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹja fi ń mí. Ẹ jẹ́ kó sùn nínú dírọ́ọ̀mù ná.

Ìbéèrè: Ìyá ẹja mi kún fún ẹyin, ó ti tó oṣù mẹ́ta, kò yé e. Ṣé àgàn ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe àgàn, òjò ló ń retí. Nínú igbó, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí omi sì bo koríko, àrọ̀ á gòkè lọ síbẹ̀ lóru láti yé ẹyin. Omi táǹkì kì í kún, kì í fà, kò ní koríko. Ẹyin ti gbó, ṣùgbọ́n ọpọlọ ẹja náà kò ránṣẹ́ pé kó yé e. Tó bá pẹ́ jù, ara rẹ̀ á tún gba ẹyin náà padà.

Abẹ́rẹ́ ló ń rọ́pò òjò. Ovaprim tí ọ̀pọ̀ ń lò, ìdajì mílílítà fún kílò kan ni: ìyá ẹja oníkílò méjì á gba mílílítà kan, nínú ẹran ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹbẹ. Tí ẹ bá gún un ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ tẹ ikùn rẹ̀ wò ní nǹkan bí aago mẹ́fà sí mẹ́jọ òwúrọ̀. Ẹyin tó gbó á máa ṣàn bí ọkà bàbà, láì fi agbára tẹ̀ ẹ́. Bí òtútù bá mú, yóò pẹ́ díẹ̀ sí i. Ti akọ ló burú: àtọ̀ rẹ̀ kì í jáde téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní láti pa á, kí wọ́n gé àpò àtọ̀ rẹ̀. Àtọ̀ tó bá kan omi kì í pẹ́ kó tó kú, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ ẹyin kí omi tó dé. Bí ooru bá tó, ẹyin náà á pa ní bí ọjọ́ kan.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí tèmi fi funfun, tí èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Olúwo l’Ẹ́pẹ̀ẹ́ sì dúdú?

Ìdáhùn: Àrọ̀ máa ń fi àwọ̀ ibi tó wà ṣe tirẹ̀. Inú tapólínì aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí oòrùn ń pa, á funfun. Inú omi ẹrẹ̀, á dúdú. Ẹ ta nǹkan bo táǹkì lórí. Tí orí ẹja bá wá ń là, àwọ̀ kọ́ nìyẹn: fítámì Sí ló tán nínú oúnjẹ tó ti pẹ́ tàbí tí oòrùn ti pa. Ẹ wo déètì tó wà lára àpò rẹ̀ kí ẹ tó ra òmíràn.