Bí "forcibly" ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì

Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó kó katapílà wọ Maroko, wọ́n wó ilé, wọ́n sì lé àwọn ará àdúgbò náà dànù. Bí a bá fẹ́ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, a ó ní: "The residents were forcibly evicted." Forcibly yìí ń sọ fún òǹkàwé pé tipátipá ni, pé àwọn tí wọ́n lé kò fọwọ́ sí i. Kò sọ bí ẹni tó lé wọn ṣe lágbára tó.

Níbẹ̀ ni ó ti yàtọ̀ sí "forcefully", tí àwọn ìwé ìròyìn wa sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀. "The lawyer spoke forcefully": agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ tagbáratagbára, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọ àwọn olùgbọ́ létí. Ta ni wọ́n fipá mú níbẹ̀? Kò sí. Ẹni tó kọ forcefully nípa Maroko yóò yé ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ti gbé ojú kúrò lára ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, ó gbé e sára ẹni tó fìyà jẹ ẹ́.

Ní ti kíkọ rẹ̀, inú "forcible" ni ó ti wá, bí "terribly" ṣe wá láti inú "terrible". Kò sí e lẹ́yìn c. Iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó sábà máa ń dúró.

Inú òfin ni ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù. Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 1948 lòdì sí pípa ẹ̀yà run ka kíkó àwọn ọmọdé ẹ̀yà kan fún ẹ̀yà mìíràn "forcibly" mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé tó wà ní Hague sì là á yé wa nínú ìwé ìlànà rẹ̀ pé kò dìgbà tí wọ́n bá wọ́ ènìyàn nílẹ̀. Ìhàlẹ̀, àtìmọ́lé, ìbẹ̀rù ìwà ipá, àṣìlò agbára, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ìyá tó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ nítorí pé sójà na ìbọn sí i, tipátipá ni wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bákan náà ni UNHCR, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó sá kúrò nílé, ṣe ń lò ó. Ní ìparí 2023, wọ́n ka àwọn tó jẹ́ "forcibly displaced" lágbàáyé sí mílíọ̀nù 117.3. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló di ẹrù ara wọn lóru, kí ogun tó dé ẹnu ọ̀nà.