Ṣé ilẹ̀ òfo ni ilẹ̀ iyanrìn àti irà?

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń wa típà iyanrìn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nítòsí Tákìé, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Fídíò ilẹ̀ Spéìn ni. Òkìtì iyanrìn lọ súà títí dé etí òkun, igi páìnì dúró sáàárín rẹ̀, àwọn mìíràn ti rì dé ọrùn. Àbàtà ńlá tí ẹyẹ bò wà lápá kejì. Doñana ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ìjọba Spéìn sì ti sọ ọ́ di ọgbà tí òfin ń dáàbò bò láti ọdún 1969.

"Tíṣà, wo iyanrìn! Kéèyàn máa kó o fún ogún ọdún, kò ní tán. Wọ́n wá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bù ú. Ilẹ̀ tí ò lè hu iṣu, irà tí ò ṣeé kọ́lé sí, kí ni wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀ gan-an?"

Òun nìkan kọ́ ló rò bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n á ní iyanrìn kì í gba omi dúró, wọ́n á ní ẹ̀fọn nìkan ni irà ń bí. Bí ẹnìkan bá sì ra pulọ́ọ̀tì tó bọ́ sí àkùrọ̀, ìmọ̀ràn tí gbogbo èèyàn máa gbà á ni pé kó lọ da típà mẹ́wàá sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ló sì máa gbé e wá.

Mo bi í pé: "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ń wa iyanrìn nínú odò tó ti gbẹ nígbà ọyẹ́, kí ló máa ń kọ́kọ́ yọ yín lẹ́nu?"

"Omi ni. A ò tíì wà á dé orúnkún tí omi á ti sun kún ihò."

Odò ti gbẹ, iyanrìn orí rẹ̀ ń jóni lẹ́sẹ̀, omi sì wà nísàlẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń fi igbá wa iyanrìn odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti rí omi bù mọ̀ ọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà. Àlàfo pọ̀ láàárín hóró iyanrìn. Òjò ń gba ibẹ̀ wọlẹ̀ kíákíá, oòrùn kì í sì í rí i fà gbẹ bó ṣe ń fa omi orí ilẹ̀. Ẹ wá wo tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́: àpáta ló tẹ́ sábẹ́ wa. Ìpele erùpẹ̀ tó wà lórí àpáta yẹn ni ọ̀pọ̀ kànga wa gbójú lé, ìdí nìyẹn tí okùn ìfami fi ń gùn sí i lóṣù Kejì. Àwa tí ilẹ̀ wa kò níbi tó pọ̀ tó láti tọ́jú omi sí la wá ń pe iyanrìn ní ilẹ̀ òfo!

Iyanrìn Doñana dà bí ìkòkò ńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ìgbà òtútù ni òjò wọn máa ń rọ̀, iyanrìn á mu ún. Ibi tí iyanrìn ti pàdé amọ̀ àbàtà, omi kì í lè wọ inú amọ̀ bọ̀rọ̀, ó sì máa ń sun jáde. La Vera ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Koríko rẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ibi yòókù bá ti gbẹ, ẹran ìgbẹ́ á wá jẹko níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mọ irú ibẹ̀ dáadáa: ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí omi ti ń sun, níbi tí wọ́n ti ń gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àbàtà fúnra rẹ̀, òjò àti odò ló ń kún un, ó sì máa ń gbẹ sán nígbà ooru. Ní ti ẹyẹ, àìmọye ló ń bà síbẹ̀. Lékeléke tí àwọn ọmọ wa ń bẹ̀ pé kó fún àwọn léèékánná, òun náà wà ní Doñana.

Iyanrìn yẹn tún ń rìn. Afẹ́fẹ́ òkun ń tì í ní mítà mélòó kan lọ́dọọdún. Ó ń bo igi páìnì mọ́lẹ̀ láàyè, tó bá kọjá lọ tán, òkú igi á tún yọ síta, páìnì mìíràn á sì hù ní kòtò tó fi sílẹ̀. Ní Curonian Spit, ilẹ̀ iyanrìn tóóró etí òkun tí Lithuania àti Rọ́ṣíà jọ ni, wọ́n gé igi tó di iyanrìn mú, iyanrìn sì bo abúlé mọ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n padà gbin igi ló tó rọlẹ̀.

Ní ti ẹ̀fọn, ẹ̀gbọ́n kò parọ́. Ibà bá àwọn ará Doñana fínra gan-an láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1964, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ibà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Spéìn. Òótọ́ ni pé wọ́n ti fa apá kan àbàtà náà gbẹ fi dáko ìrẹsì, ṣùgbọ́n èyí tó kù kò kéré, ẹ̀fọn sì ṣì wà níbẹ̀. Ibà ló lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọgbà nìkan kò gba ibẹ̀ là. Lẹ́yìn ọgbà, àwọn tó ń gbin sitirọ́bẹ́rì sábẹ́ ọ̀rá gbẹ́ kànga láìgbàṣẹ, ìlú ìgbafẹ́ Matalascañas náà ń fa omi. Ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ ìṣọ̀kan Yúróòpù dá Spéìn lẹ́bi pé kò ṣọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2022, Santa Olalla, adágún tó tóbi jù lórí iyanrìn yẹn, tí wọ́n ń pè ní adágún tí kì í gbẹ, gbẹ. Ó tún gbẹ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀dá wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ń fà lábẹ́lẹ̀ dá kún un. Kò sẹ́ni tó fi típà kó iyanrìn o.

Ibi tí mo dé nìyí tí ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Ó ní: "Ṣé iyanrìn odò tí mò ń wà yìí, omi kànga ẹlòmíì ni mò ń kó lọ?"

Mo ní bí wọ́n bá wà á jù, odò á jìn sí i, omi kànga tó wà létí rẹ̀ náà á lọ sílẹ̀. Ó tún fóònù wò fún ìgbà díẹ̀.

"Àwọn páìnì yìí, ṣé wọ́n ń so?"

Mo ní wọ́n ń so. Kóró wà nínú èso wọn, wọ́n ń fi í se oúnjẹ, owó rẹ̀ sì wọ́n gan-an lọ́jà.

"Ẹn-ẹ́n! Ìyẹn ló yẹ kó o ti kọ́kọ́ sọ."