Owó Ilé Akẹ́kọ̀ọ́: Ọdún Kan Ni, Ṣùgbọ́n Ọdún Ta?

Rírí yàrá ní Felele ní Lọ́kọ́jà tàbí ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, kò ní wàhálà púpọ̀. Éjẹ́ǹtì á mú ọmọ lọ wo yàrá, òbí á san owó ọdún kan, owó éjẹ́ǹtì, owó àgírímẹ́ǹtì àti owó kọ́ṣọ̀n tí onílé ń dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́. Rìsíìtì á jáde, kọ́kọ́rọ́ á tẹ̀ lé e. Ẹni tó kọ́kọ́ sanwó ló ni yàrá.

Ohun tí wọ́n máa ń tẹnu mọ́ ni pé àsansílẹ̀ ọdún kan yìí gan-an ni ìyà ibẹ̀, pé ká ní oṣooṣù ni, ara ì bá tu òbí. Ọ̀rọ̀ olówó oṣù nìyẹn. Ní Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀, òbí tó ń fi owó kajú rán ọmọ nílé ìwé kò kéré. Láàárín oṣù kejì sí ìkarùn-ún ni kajú ń já. Ẹni tó ń rà á á wọ̀n ọ́n, á kówó kalẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Bí owó ńlá bẹ́ẹ̀ bá wọlé tí wọn ò tètè fi ṣe ohun gidi, ìnáwó òkú àti gbèsè oògùn oko á pín in jẹ. Àsansílẹ̀ bá irú owó yẹn mu.

Ibi tí àbùkù wà ni ìlà kan ṣoṣo lórí rìsíìtì: láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé sáà ẹ̀kọ́ kan làwọn sanwó rẹ̀. Rárá o! Oṣù méjìlá ni wọ́n san, ilé ìwé ì báà ṣí, ì báà tì. Ṣe ló dà bí àjọ tí onílé ti kọ́kọ́ kó: alẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá sùn síbẹ̀ lọmọ náà fi ń kó tirẹ̀, èyí tí kò bá sùn ti wọmi.

Ẹ wo ọdún 2022. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gùn lé ìyanṣẹ́lódì lọ́jọ́ 14 oṣù kejì, ó di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. Ká ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 2021 ni rìsíìtì ọmọ kan bẹ̀rẹ̀: ó gbé ilé náà fún oṣù mẹ́ta àbọ̀, ó jókòó sílé oṣù mẹ́jọ, ìgbà tó fi máa padà, ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ kí owó tuntun tó pé. Onílé kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ohun tó wà nínú ìwé ló gbà.

Òbí tó ń fi owó kajú sanwó ló máa ń jìyà èyí jù. Ó sanwó lóṣù kẹrin kí yàrá má baà bọ́, kí ilé ìwé sì tó wọlé, oṣù púpọ̀ ti jó dànù.

Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé tún ṣe. Onílé tó gba owó lóṣù kẹrin ti rí owó sìmẹ́ǹtì kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé. Ó yẹ kó lè gbà pé ọjọ́ tí ilé ìwé bá wọlé ni kíkà máa bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí onílé fúnra rẹ̀ sì buwọ́ lù ú, torí éjẹ́ǹtì tó ṣèlérí lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.